Iṣẹ́ Mi Lójú Ewé Ẹ̀gbọ́n

Nínú ọgbà tí à ń gbé ní Múṣín, a kì í béèrè pé ta ló ni nǹkan. Kànga kan ni gbogbo wa ń fà. Jẹnẹrétọ̀ ìyá tó ń gbé yàrá iwájú ni a fi ń ṣaájì fóònù, kò sì sí ẹni tí a lè tọ́ka sí pé òun ló ni àkàbà tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ a gbé e, ẹni tó bá lò ó tán a gbé e padà síbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé láìsí i, ẹni tó bá ka ohun tí mo fẹ́ sọ yóò rò pé òmùgọ̀ ni mí, tàbí pé olè kan wọ ilé wa. Kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n kan ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí tiwa, òun àti ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn kan ní Ìdí-Àràbà. A kò bá wọn tan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀ ni mo ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, òun náà kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn ju Àbúrò lọ. Ó ti gboyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó rí kò ju kí ó máa tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Òun nìkan ló ní kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú ọgbà wa. Ó ti gbó. Ìdérí rẹ̀ ti sán, bátìrì rẹ̀ kò sì lè dá dúró bí wáyà kò bá sí lára iná. Bí ó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, yóò gbé e wá sórí tábìlì wa.

“Àbúrò, má jẹ̀ẹ́ kó sinmi o,” ni ó máa ń wí. “Ẹ̀rọ tó bá ń sinmi ló ń dípẹtà.”

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n rò ó bí ẹni tó ń rán ìránṣẹ́ kan níṣẹ́, ìránṣẹ́ tó ń gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ: ohun tí o bá sọ ni yóò ṣe, kò ní ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ní gbogbo ibòmíràn tí mo wà, àwọn ènìyàn ń gbọ́ ohun tí n kò sọ. Nídìí kọ̀ǹpútà, bí nǹkan kò bá lọ dáadáa, èmi ni mo sọ ọ́ láìtọ́, mo sì lè padà lọ sọ ọ́ bó ṣe tọ́. Ìyá oníjẹnẹrétọ̀ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀: “Ìyàwó kọ̀ǹpútà! Ṣé ọkọ ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?” Ohun tí ó ń sọ ni pé kí n wá tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ènìyàn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, n ó sì lọ fa okùn rẹ̀.

Ètò àkọ́kọ́ tí mo ṣe tí ó wúlò, ìyá mi ni mo ṣe é fún. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni ìyá mi ń rán. Bí ó bá ti wọn ènìyàn tán, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n náà sára ògiri, ẹnìkan yóò sì fi èjìká nù ún kúrò. Mo wá ṣe ètò kan sórí fóònù rẹ̀. Bí ó bá kọ ìwọ̀n onítọ̀hún sínú rẹ̀, ètò náà yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì sọ iye yáàdì aṣọ, gígùn síìpù àti iye bọ́tìnnì tí ó gbọ́dọ̀ rà. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n sì gbà á sórí fóònù tiwọn. Kò pẹ́ tí àwọn tí n kò mọ̀ rí ní Sùúrùlérè fi ń lò ó.

Ibi tí mo ń kó iṣẹ́ náà sí ni ó yẹ kí n ṣàlàyé báyìí. Ìkànnì kan wà lórí ayélujára tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, àpótí kéékèèké sì tò sójú ewé náà, ọjọ́ kan sí àpótí kan. Ọjọ́ tí o bá kó iṣẹ́ síbẹ̀, àpótí ọjọ́ náà yóò di àwọ̀ ewéko. Ọjọ́ tí o kò bá kó nǹkan kan síbẹ̀, yóò ṣófo, yóò ní àwọ̀ eérú. Ojú ewé Ẹ̀gbọ́n la ń lò. Kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti ṣí òmíràn fún mi. Kí n jáde kúrò nínú tirẹ̀ kí n tó wọ inú tèmi, dátà ni, àkókò ni, bẹ́ẹ̀ iná lè lọ kí n tó parí. Àti pé kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kànga? Ẹ̀gbọ́n ń wà ní Ṣómólú láti àárọ̀, tí ó bá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ojú ewé náà ń tutù bí oko nígbà òjò, àwa méjèèjì sì ń wò ó pẹ̀lú ayọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ kan ní Yábà kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní àwọn rí ojú ewé rẹ̀, pé ẹni tó lè ṣiṣẹ́ láìsinmi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń wá. Wọ́n pè é, wọ́n sì gbà á. Gbogbo ọgbà ló hó. “Wọ́n ti gbà wá!” ni èmi ń pariwo kiri, kò sì sí ẹni tó bi mí pé èwo ni “wa.” Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ìgbálẹ̀ Ìdí-Àràbà sílẹ̀.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ètò ìwọ̀n aṣọ yẹn ni wọ́n ń tẹnu mọ́,” ni ó wí. “Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn yékéyéké, bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi gan-an.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ó ń kó lọ sí yàrá tí ó gbà ní Yábà, òun àti ìyá rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà gbígbó náà sílẹ̀ fún mi, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ti fún un ní tuntun. Kò pa ojú ewé rẹ̀ tó wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà náà dé, ibẹ̀ ni mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá mi kò bá wa hó. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ọjà ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi, ọjà ni wọ́n fi tọ́ bàbá tirẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni ó ń tà ní Múṣín, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ìlúpéjú, nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Mo ti parí ilé-ìwé girama nígbà náà, mo ń dúró de yunifásítì tí kò tíì gbà mí, mo sì ń lọ sí kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ní ìrọ̀lẹ́. Ó pè mí jókòó.

“Mi ò ní kó o má ṣe kọ̀ǹpútà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá gbani sí, eré ni. Ṣó o gbọ́? Tí òjò ọdún yìí bá dá, tí ẹnìkan ò tíì gbà ẹ́, Ìlúpéjú lò ń lọ. Wàá máa bá mi jókòó síbẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà.”

N kò bẹ̀rù rárá. Mo ti rí bí wọ́n ṣe gba Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi gbà á.

Òjò kò tíì dá nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù pé ilé-iṣẹ́ àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́, tí wọn yóò máa fún ní owó oṣù, tí wọn yóò sì jẹ́ kí ó máa lọ sí ilé-ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí ìgbà tí wọ́n gba òun fúnra rẹ̀. Mo fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n kọ àdírẹ́sì ojú ewé mi. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ dúró. Mo ṣí ojú ewé tuntun ní orúkọ mi. Gbogbo àpótí rẹ̀ dà bí eérú láti òkè dé ilẹ̀. Mo pe Ẹ̀gbọ́n.

“Wọn ò ní wo ìyẹn,” ni ó wí. “Tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa fún ẹ. Tó o bá ti jókòó sí tẹ́ẹ̀sì, ta ló fẹ́ bá ẹ dù ú?”

Mo gbàgbọ́. Mo rò pé òun náà gbàgbọ́.

Wọn kò fún mi ní tẹ́ẹ̀sì. Èsì tó kọ́kọ́ dé ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbà mí. Ẹ̀gbọ́n ló lọ bẹ àǹtí tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀ pé kí ó sáà fojú rí mi, àǹtí náà sì gbà. Mo wọ aṣọ tí ìyá mi rán fún mi. Ọ́fíìsì náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, gíláàsì ni wọ́n fi pín yàrá ibẹ̀, a sì ń rí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n jókòó sí.

“Ẹ káàárọ̀, ma,” ni mo wí, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Dìde, dìde. Ṣé ìwọ ni àbúrò ẹ̀? Ó pọ́n ẹ lé débi pé mo ní kí n rí ojú ẹ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú; mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ojú ewé mi ló wà níbẹ̀. “Ṣùgbọ́n wò ó. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Kò sí nǹkan kan níbí.”

“Ẹ fún mi ní tẹ́ẹ̀sì, ma. Ìsinsìnyí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Kì í ṣe èmi ni mò ń fúnni. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ ṣà wọ́n. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ jù, ta ló fẹ́ jókòó dán gbogbo wọn wò? Ẹni tí ojú ewé ẹ̀ bá ṣófo, orúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì.” Ó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àbúrò, ẹni tó bá mọṣẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ á wà níta. Bá a ṣe máa ń wò ó nìyẹn.”

“Iṣẹ́ mi wà níta, ma,” ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀.

“Níbo? Fi hàn mí. Ibi yòówù kó wà. Màá gbé e fún ọ̀gá fúnra mi, mo ṣèlérí.”

Mo mú fóònù mi jáde. Ìwọ̀nba kí n tẹ ibì kan péré ni, ojú ewé Ẹ̀gbọ́n yóò sì ṣí, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ ewéko rẹ̀. Àǹtí náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó fẹ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní kí n má ṣe mú iṣẹ́ ẹlòmíràn wá o, nítorí ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ṣe ohun tó wà lójú ewé rẹ̀. “Ọjọ́ yẹn náà ló kó ẹrù ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó mu omi.”

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n dúró ní òdìkejì gíláàsì, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wá. Kò lè gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ó gbé àtàǹpàkò sókè sí mi, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń lọ ṣe ìdánwò. Mo rántí ìyá rẹ̀ lórí eékún ní ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá náà ti fún ẹlòmíràn ní ìgbálẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé o ti rí i?” ni àǹtí náà béèrè.

Mo fi fóònù padà sápò.

“Kò sí, ma.”

“Ṣó o rí i báyìí? Lọ jókòó, fi ọdún kan ṣiṣẹ́, kí ojú ewé yẹn kún. Kó o wá padà wá bá mi.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sáré bá mi ní ẹnu géètì.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ojú ewé mi ṣófo.”

Ó di káàdì ìdánimọ̀ tó fi okùn kọ́ sọ́rùn mú, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn.

“O ò wá sọ fún wọn?”

“Kí n sọ kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Àbúrò… mo lè wọlé lọ báyìí. Mo lè lọ bá àǹtí yẹn, kí n sọ fún un pé…”

Mo dúró. Mo fẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ náà. N kò tíì fẹ́ ohun kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ojú sì tì mí pé mo fẹ́ ẹ. Òun náà dúró. Ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní, “Mò ń bọ̀, dúró dè mí,” ó sì sáré gòkè. Mo dúró dè é títí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì fi bi mí bóyá mo ń wá ẹnìkan.

Ní ilé, mo gbìyànjú ohun kan tó kù. Mo wọ ojú ewé tèmi, mo sì da gbogbo iṣẹ́ mi kọ láti ojú ewé Ẹ̀gbọ́n sí i. Mo rò pé àwọn àpótí náà yóò tẹ̀ lé iṣẹ́ wá. Àpótí kan ṣoṣo ló tutù, ti ọjọ́ náà. Lábẹ́ orúkọ ètò ìwọ̀n aṣọ, ìkànnì náà fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé mo dà á kọ láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Kò parọ́. Mo pa gbogbo ohun tí mo dà kọ síbẹ̀ rẹ́.

“Ṣé wọ́n gbà ẹ́?” ni bàbá mi béèrè.

“Rárá, sà.”

“Bóyá o ò tíì mọ̀ ọ́n tó.”

Ìyá mi gbé orí sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. “Èwo ni kò mọ̀ ọ́n tó? Ṣebí òun ló ṣe èyí tí mò ń lò lójoojúmọ́ yìí?”

“Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?” ni bàbá mi wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọlọ́jà ni, ohun tí ó máa ń béèrè nípa gbogbo ọjà ni ó béèrè. Ẹ̀rọ ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Mo ti kọ òwe yìí sínú àròkọ mi rí ní kíláàsì, olùkọ́ sì yìn mí. N kò mọ̀ nígbà náà pé ibì kan wà tí wọn kì í ka ẹni tó tọ́ ọmọ, tí wọn kì í tilẹ̀ ka ẹni tó bí i, bí kò ṣe ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn mìíràn tó dà bíi tèmi: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rere nínú ilé-iṣẹ́ tí kò gbà kí iṣẹ́ náà jáde síta, ẹni tó ń yá kọ̀ǹpútà lò, ẹni tí iná kì í dúró fún. Eérú ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ náà. Àǹtí náà ní kí n fi ọdún kan mú kí ojú ewé mi kún. Ọdún tí mo ti fi mú kí ti Ẹ̀gbọ́n kún ńkọ́? Níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?

Òjò dá. Mo wà ní Ìlúpéjú báyìí. Bí fèrè àwọn ilé-iṣẹ́ bá dún, òpópónà a kún, kò sì pẹ́ a tún ṣófo. Àwọn télọ̀ ń wá ra ọjà lọ́wọ́ mi, ọ̀pọ̀ wọn sì ń yọ fóònù jáde láti wo iye bọ́tìnnì tí ètò náà ní kí wọ́n rà. Ó ṣòro fún mi láti wo ojú fóònù wọn.

Láìpẹ́ yìí, ìyá télọ̀ kan dé pẹ̀lú ìbínú. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń béèrè fún àrà tuntun tí ọrùn rẹ̀ ga, bọ́tìnnì tó rà kò sì tó.

“Ọmọkùnrin Yábà kan ló ṣe nǹkan yìí,” ni ó wí fún oníbàárà tó dúró tì í. “Orí ẹ̀ pé o, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa ọrùn yìí.”

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Mo mọ ìlà náà gan-an, nítorí èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń rán ọrùn gíga. Nígbà tí ó lọ tán, mo ṣí kọ̀ǹpútà gbígbó náà sórí káńtà láti tún un ṣe. N kò tilẹ̀ ronú nípa ojú ewé ẹni tí yóò tutù nítorí rẹ̀; ohun tó wà lọ́kàn mi ni aṣọ tí kò ní bo ọrùn. Ìkànnì náà ní kí n kọ pásíwọ́ọ̀dù. Mo kọ èyí tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi. Ó kọ̀ ọ́. Mo rò pé ìka mi ló ṣì tẹ̀ ẹ́, mo tún un kọ. Ẹ̀gbọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

N kò pè é. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé, mo gbé e sábẹ́ káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí síìpù. Láti ìgbà náà, télọ̀ tó bá ti mú fóònù jáde níwájú mi, mo máa ń sọ fún un kí ó tó sọ iye tí ó fẹ́.

“Ẹ fi ẹyọ kan kún un, ma. Tí aṣọ yẹn bá lọ́rùn gíga, ẹ fi ẹyọ kan kún un.”

Àwọn kan a dúpẹ́. Àwọn kan a wò mí, wọn a wo fóònù wọn, wọn a sì ra iye tí fóònù sọ.